Ọ̀sán ni tiwa, òru ni tiwọn: oṣù mẹ́fà IT mi ní Sutherland

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé ibùdó ìwòràwọ̀ Sutherland, ní Gúúsù Áfíríkà, ni mo ti ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe kó lè fi kọ́ṣẹ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Kí lo rí lójú ọ̀run?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Nọ́ọ̀tì ni mo rí. Wáyà ni mo rí, àti eruku, àti ẹ̀yìn dígí. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo lò nídìí SALT, Southern African Large Telescope, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, tí kò sí tẹlisíkóòpù irú rẹ̀ kan tó tóbi tó o ní ìdajì ayé tó wà ní gúúsù, mi ò sì fi ojú ara mi wo ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ihò tí èèyàn lè yọjú sí. Kámẹ́rà ló ń wò, kọ̀ǹpútà ló ń gbà á sílẹ̀, ẹni tó ni àwòrán náà sì lè wà ní Poland tàbí Íńdíà, kó máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀, torí ohun tí àwọn àbúrò tó ń pè mí ń fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Cape Town ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀ka wa kì í jẹ́ kí èèyàn gba ìwé-ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó ti lọ fọwọ́ ṣiṣẹ́ níbì kan. Work-integrated learning ni wọ́n kọ sínú ìwé, in-service ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè é, èmi ò yé pè é ní IT. Lẹ́tà 19 ni mo kọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìkéde náà ló ní ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ pé ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ ni àwọn ń wá. Ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó jó dátà. Ọ̀rọ̀ físà tún wà ńbẹ̀: físà akẹ́kọ̀ọ́ fàyè gba iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tèmi sì jẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, torí náà mo ní láti gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ pé ara ẹ̀kọ́ mi ni. Ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá fáìlì mi tó wà lórí tábìlì wọn. Ó ti tán, mo ti dárí jì wọ́n.

Nígbà tí wọ́n wá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo ti sọ orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì gbogbo di àkọ́sórí. Wọn ò bi mí ní ẹyọ kan. Wọ́n bi mí bóyá mo lè ka drawing, bóyá mo gbọ́ Python díẹ̀, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bóyá mo ti tú nǹkan rí tí mo sì tò ó padà tó ṣiṣẹ́. Mo sọ̀tàn ẹ̀rọ ìfọṣọ hostel wa fún wọn. Mo rò pé ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn ló mú mi wọlé.

Láti Cape Town dé Sutherland tó ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀. Títì N1 lẹ máa gbà, ẹ ó kọjá Worcester, ẹ ó kọjá Touws River, tẹ́ ẹ bá ti dé Matjiesfontein, ẹ ó yà sósì bọ́ sí R354. Nǹkan bíi kìlómítà 110 ló kù láti ibẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lójú ọ̀nà: igbó kúkúrú tí kò ga ju orúnkún lọ, àgùntàn, wáyà ọgbà, àgùntàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní Verlatenkloof, etí yín á sì dí. Oṣù kẹfà ni mo lọ, ìgbà òtútù wọn gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo jí, mo rí i pé yìnyín ti bo ilẹ̀, omi ti dì nínú páìpù. Ọjọ́ yẹn ni màmá mi pè. Mo ń ṣàlàyé tẹlisíkóòpù fún wọn, mo ń ju ọwọ́ bí ẹni pé wọ́n ń wò mí, wọ́n kàn dá mi dúró: "Ó dáa. Síwẹ́tà mélòó lo wọ̀?" Mo ní, "Méjì, Mà." Wọ́n ní kí n wá ẹ̀kẹta wọ̀. Ẹ fi síwẹ́tà wọ̀nyí sọ́kàn, wọ́n ń bọ̀ wá kó bá mi.

Ibùdó náà wà lórí òkè pẹrẹsẹ kan tó tó kìlómítà 15 sí ìlú, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1,800. SALT nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Òrùlé funfun pọ̀ lórí òkè náà bí olú, títí kan tẹlisíkóòpù alámítà 1.9 tí wọ́n tú ní Pretoria láàárín àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì wá tún kọ́ síbẹ̀. Òkùnkùn ibẹ̀ ṣeyebíye débi pé òfin ló ń ṣọ́ ọ: òfin orílẹ̀-èdè kan tó jẹ́ ti 2007 ló fún mínísítà lágbára láti dáàbò bo irú agbègbè bẹ́ẹ̀ kí iná àti rédíò má bàa dí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná ńlá mọ́tò di èèwọ̀ lórí òkè.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Afrikaans sì ni èdè rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí ló ti máa ń há mi lẹ́nu kí n máa pe ẹni tó lè bí mi ní orúkọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí báàjì rẹ̀. Mo máa ń dọ́gbọ́n sí i ni, mo máa ń wúkọ́ kí wọ́n lè yíjú sí mi. Ní Sutherland ni mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní Oom. Mo béèrè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni Afrikaans ń pe àgbà ọkùnrin, ó bá ọ tan o, kò bá ọ tan o. Àgbà obìnrin ni Tannie. Ara tù mí. Oom ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà. Òun náà fi ìwé pélébé kan sórí tábìlì mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: "Seun, bring the ladder." Mo wo ìwé náà títí. Orúkọ mi kì í ṣe Ṣeun. Ta ló sọ orúkọ àbúrò mi fún ọkùnrin yìí? Ó tó ọ̀sán kí n tó mọ̀ pé "seun" lédè wọn ni ọmọkùnrin.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: ẹ fojú inú wo dígí kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 11 sí 10. Àwọn 91 kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀ tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́fà bí ilé oyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ṣe gíláàsì rẹ̀, irú èyí tí ooru kì í mú wú tí òtútù kì í sì í mú sún kì. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí mọ́tò kékeré ń tì sókè tó sì ń fà sísàlẹ̀, ìyẹn 273 lápapọ̀. Ìdí àwọn ẹsẹ̀ yẹn ni mo ti fi ìdajì ọjọ́ ayé mi níbẹ̀ dùbúlẹ̀.

SALT ní ọrùn líle. Kò lè gbójú sókè sí i, kò sì lè tẹrí ba sí i. Digírì 37 ló fi dagun láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kó yíra nìkan ló lè ṣe: wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ rẹ̀, á gbéra nílẹ̀ díẹ̀, á yí, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò ní mira mọ́ nìyẹn. Ohun tó wà lókè rẹ̀, tí à ń pè ní tracker, ló máa ń rìn tẹ̀lé ìràwọ̀ bó ṣe ń kọjá lọ. Tẹlisíkóòpù Hobby-Eberly tó wà ní Texas ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, owó ló sì fà á, torí tẹlisíkóòpù tó lè yí ọrùn síbi gbogbo ì bá wọ́n ju èyí lọ fíìfíì. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé ó lè rí iná àbẹ́là kan tó bá ń jó lórí òṣùpá. Ẹni tó máa gbé àbẹ́là lọ ni wọn ò tíì rí.

Iṣẹ́ tó gba àkókò mi jù ni èyí tí èmi ń pè ní pípa dígí láró. Gíláàsì kọ́ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà; álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ ni, ó sì fẹ́lẹ́ ju ìrun orí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Eruku Karoo, ilẹ̀ gbígbẹ tó yí wa ká, àti ọ̀rinrin a máa jẹ ẹ́. Nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ wọ́n, a ó fi kẹ́míkà bọ́ aṣọ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i níhòòhò, kò jọ dígí lójú mi rárá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí a bu omi là, mo sì rí òjìji ìka Oom láti òdì kejì. A ó wẹ̀ ẹ́, a ó gbẹ ẹ́, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, kẹ́nikẹ́ni má sì mí sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló máa wọ inú àgbá irin, ẹ̀rọ á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, èyí tí kì í yá bọ̀rọ̀, kí álúmíníọ̀mù tó wá bà lé e. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí àgbá náà, ojú ara yín lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ó mọ́ débi pé mo rí ìlà tí ìrọ̀rí fà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́. Oṣù kọkànlá 2005 ni wọ́n ṣí SALT. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwòrán rẹ̀ kò já gaara, pàápàá ní etí. Ẹni tó bá fẹ́ fura, dígí ńlá ló máa kọ́kọ́ fura sí. Dígí ńlá kọ́. Àkójọ dígí kéékèèké kan wà lókè tó ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe kó tó wọ kámẹ́rà. Ibi tí wọ́n ti de àkójọ yìí mọ́ ara ẹ̀rọ ló ń fún un lọ́rùn, ó ń tì í kúrò láyè. Ní 2009 wọ́n tú u sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ìdè rẹ̀ ṣe, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀ ní 2010. Ìdè lásán o! Nígbà tí àmì ìràwọ̀ neutron méjì (òkú ìràwọ̀ tó ki pọ̀ gan-an) tó forí gbárí dé ayé ní oṣù kẹjọ 2017, tí gbogbo ayé ń sáré wá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, SALT wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ká ní wọ́n fi ìdè yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Èmi náà jẹ tèmi. Oom ní àṣà kan: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á to irinṣẹ́ sílẹ̀, á kọ iye wọn sórí páálí kan, bí a bá ń lọ, á tún un kà. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹjọ, 14 la kó gòkè, 13 la bá. Allen key kékeré kan ni kò sí. Oòrùn ti ń wọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ti wà ní yàrá ìdarí wọn, wọ́n ń dúró kí a kúrò kí wọ́n lè ṣí òrùlé. A dùbúlẹ̀, a tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ dígí, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Oom kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Rédíò ń bi wá léraléra bóyá a ti ṣe tán. Ó tó wákàtí kan kí ooru tó mú mi, mo bọ́ síwẹ́tà kẹta, nǹkan líle kan sì gbá mi níhà. Àpò síwẹ́tà kejì ló wà. Mi ò mọ bí mo ṣe mú un jáde. Oom gbà á, ó fi aṣọ nù ún, ó fagi lé 13, ó kọ 14, ó sọ fún rédíò pé ó ti parí. Nínú ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló tó yíjú sí mi: "Seun, láti òní lọ, àpò ni kó o kọ́kọ́ wò."

A kì í fi bẹ́ẹ̀ bá àwọn ará òru pàdé. Bí a ti ń jáde ni wọ́n ń wọlé, a ó kíra, ó parí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tọrọ àyè láti dúró tì wọ́n. Mo kọ́kọ́ jáde síta kí ojú mi lè mọ́ òkùnkùn. Àgùàlà ti wọ̀ lọ láìdúró de òṣùpá, ìràwọ̀ sì kún débi pé mi ò rí àyè tí wọ́n dá sí. Ni mo bá rí ìkùukùu méjì tó ń bọ̀ láti apá gúúsù. Mo sáré wọlé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti òrùlé, ojú ọjọ́ ń bàjẹ́!" Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ bá mi jáde, ó wòkè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Magellanic Clouds ni. Ìràwọ̀ tí kò níye ni, èyí tó tóbi nínú wọn sì jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí ọdún 160,000 kó tó kàn mí lójú. Ó ní tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí n pe òun.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn, dígí tí mo pa láró gbẹ̀yìn ti padà sáyè rẹ̀. Oom mú mi lọ sí yàrá ìdarí ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n yí tẹlisíkóòpù kọjú sí ilé-ìṣọ́ tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, ìmọ́lẹ̀ ti orí rẹ̀ wá, ó kan àwọn dígí, ó sì padà sókè. Àmì 91 fọ́n ká ojú kọ̀ǹpútà bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì, àmì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé síbì kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ tèmi: ó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń tàn ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Mo nàka sí i fún Oom. Ó ń wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò, nígbà tó fi máa gbé e wọ̀, àmì náà ti wọlé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láàárín.

"Èwo ni tìrẹ, seun?"

Wọ́n ní àwọn ti fẹ́ pa iná. Oom mú páálí rẹ̀, a ka irinṣẹ́: 14. Mo tọwọ́ bọ àpò mi, a sì jáde.