Ọ̀bẹ Jámánì tí wọ́n ní ó ti Burma wá

Bí ẹnì kan bá bá ọ̀bẹ òyìnbó nínú àpótí bàbá àgbà rẹ̀ ní Òṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bá wá sọ́dọ̀ mi: "Bàbá wa ló gbà á lọ́wọ́ ọmọ ogun Hitler ní Burma." Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rò ó tán. Ìgbà náà ni n óò wá bi wọ́n pé, ta ni àwọn bàbá wa bá jà ní Burma? Àwọn ará Japan ni. Jámánì kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní Ethiopia ni bàbá jà sí ní 1941, mo lè gbà pé ọ̀bẹ ará Ítálì ni. Bí wọ́n bá sì ní ogun Kamẹrúùnù ni, ti 1914 sí 1916, Jámánì ni wọ́n bá jà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ẹ̀yẹ tó ní àwòrán ẹyẹ idì lára tí wọ́n máa ń gbé wá yẹn, 1935 ni ọ̀gágun orí ilẹ̀ Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́. Ìtàn náà ti parọ́ kí n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ ẹ̀yẹ ni mo pè é, torí kì í ṣe ohun ìjà. Aṣọ ìjáde ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ mọ́.

Iṣẹ́ idẹ ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Ìda oyin la fi ń mọ ère, a ó fi amọ̀ bò ó, a ó yọ́ ìda náà dànù, a ó wá da idẹ sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ Jámánì. Gbogbo ẹni tó ti da idẹ rí ló mọ̀ pé ó máa ń sún kì bó bá ń tutù. Bí ẹni tó ń ṣe ayédèrú bá tẹ ojúlówó mọ́ amọ̀, tó wá da òmíràn jáde nínú rẹ̀, ọmọ á kéré sí ìyá. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan, á rí i.

Àbúrò mi wà ní Düsseldorf, kò jìnnà sí Solingen, ìlú tí wọ́n ti rọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀bẹ náà. Òun ló máa ń lọ sọ́jà àlòkù lọ́jọ́ Sunday, tí á ya àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo èyí." Òfin ibẹ̀ kò gba kí wọ́n pàtẹ àmì Hitler ní gbangba, nítorí náà àwọn tó ń tà á máa ń lẹ pépà mọ́ ọn. Mo ti sọ fún un pé kó má wulẹ̀ ní kí wọ́n ṣí i. Ìyẹ́ idì ni mò ń wò. Lára ojúlówó, ìlà ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì mú. Lára ayédèrú, wọ́n ti ṣàn wọ inú ara wọn bí ojú ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀. Ẹ tún wo ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń fi sílẹ̀ nínú idẹ tí wọn kò dà dáadáa.

Àìdán kọ́ ni ayédèrú o. Àwọn tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, síńkì ni wọ́n fi ṣe idì àti orí èèkù wọn, tí wọ́n kàn fi fàdákà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò ó. Bí ìbora náà bá ṣí, á rí bí eérú, á sì sú wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń rajà fún ẹwà máa ń kọ irú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí ayédèrú kì í sábà fẹ́ burẹ́wà.

Èyí tó le jù ni ọ̀bẹ tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Lẹ́yìn ogun, èèkù, àkọ̀ àti ojú ọ̀bẹ tó ṣẹ́kù pọ̀, àwọn sójà Amẹ́ríkà sì ń wá ohun tí wọn yóò mú relé. Wọ́n bá ń to èyí mọ́ ìyẹn. Kálípà kò rí nǹkan kan sọ síbẹ̀. Àfi kí ẹ wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ jọ gbó pọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú àkọ̀ máa ń fa ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú ọ̀bẹ láti òkè délẹ̀. Bí àkọ̀ bá ti gbó tí ojú ọ̀bẹ kò sì ní ìlà kankan, wọn kì í ṣe tọkọtaya. Ìpata tí wọ́n fi áásìdì ṣe kí ọ̀bẹ lè dà bí ogbó náà máa ń tẹ́ lọ geerege, gbígbó tó ti ọwọ́ tó ń dì í mú wá kì í rí bẹ́ẹ̀. A ṣáà mọ ère tuntun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ de àlejò ọdún Ọ̀ṣun ní August. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àmì alágbẹ̀dẹ wà lára ojú ọ̀bẹ, nítòsí èèkù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ti ilé iṣẹ́ Eickhorn, orí ọba àti orí ajagun ni ti ilé iṣẹ́ WKC. Òṣùwọ̀n ni ti Alcoso, òun ni mo sì máa ń wò pẹ́ jù. Ìdílé Coppel ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, Júù sì ni wọ́n. Ìjọba Hitler gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi àmì òṣùwọ̀n náà ta ọ̀bẹ lọ fún àwọn ọ̀gágun. Alexander Coppel, ọ̀kan nínú ìdílé náà, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Theresienstadt, àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn Júù sí, ni wọ́n kó o lọ ní 1942, ibẹ̀ ló kú sí. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ìyàwó mi kò jẹ́ kí ọ̀kankan wọ pálọ̀, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé. Ti SS àti ti SA, àwọn ẹgbẹ́ ajagun ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, n kì í rà, bó ti wù kó pọ́ tó. Èyí tí mo fẹ́ jù ni ti ọmọ ogun ojú omi tó ní adé lórí èèkù, ti ayé Kaiser, ọba Jámánì, kí Hitler tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan nílé, ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá. Sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan, ni ara àwọn kan nínú èèkù funfun tàbí olómi-ọsàn yẹn. Ó máa ń gbaná wéréwéré, bó bá sì ti ń gbó, ó máa ń mí èéfín kíkan tó ń jẹ irin tó wà nítòsí rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé, ni kí ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wò ó, ẹ ya ojú ìyẹ́ idì, àmì alágbẹ̀dẹ àti ẹnu àkọ̀. Ìtàn bàbá lè dúró ná.