Ariwo tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Folsom kò pa

Sátidé, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá.

Iná kò tíì dé. Ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú kọ̀ǹpútà ni mo fi ń kọ èyí, torí mi ò fẹ́ sùn kí n tó kọ ọ́. Ohun kan tí mo gbọ́ lọ́sàn-án òní kò fi mí lọ́kàn sílẹ̀.

Àwo tí Johnny Cash, olórin country ọmọ Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1968, ni mo ń sọ. Kì í ṣe àjèjì sí mi. Inú ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ orin country ni mo dàgbà sí, bíi ọ̀pọ̀ ọmọ tí bàbá wọn ní rédíò láyé ìgbà yẹn. Jim Reeves ni ààyò bàbá mi. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí a tó wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán, ohùn Jim Reeves á ti gba gbogbo pálọ̀, bàbá mi á sì máa bá a gbè é níbi tí wọ́n ti ń fá irùngbọ̀n. Ohùn yẹn tutù bí ìgbà tí èèyàn ń fi òrí pa ọmọ lára. Ti Cash kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohùn tirẹ̀ nípọn, ó ha, ó tún máa ń yẹ̀ kúrò lójú orin nígbà míì. Bàbá mi ní ṣe ló ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ohun tí èmi fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Títún ohùn ṣe fún ètò rédíò ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń gé ikọ́ kúrò, mo máa ń dín ariwo jẹnẹrétọ̀ kù, mo máa ń so ọ̀rọ̀ tó já kí ẹni tó ń gbọ́ nílé má mọ̀ pé ó já rí. Etí tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjìlá kì í gbọ́ orin lásán mọ́. Àpá ló máa ń wá. Síbẹ̀, gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ àwo yìí, mi ò rí àpá tó wà níbi tó gbajúmọ̀ jù lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ló là mí lójú lọ́sàn-án yìí, nígbà tí a ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Cash kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Wọ́n tì í mọ́lé fún òru kan tàbí méjì lóòótọ́, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní El Paso lọ́dún 1965 nígbà tí wọ́n bá oògùn nínú àpótí gìtá rẹ̀, àmọ́ kò sí adájọ́ tó rán an lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ìgbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ní Jámánì ló wo fíìmù kan nípa Folsom, ibẹ̀ ló ti kọ orin rẹ̀ nípa ẹlẹ́wọ̀n tó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lọ. (Ohùn orin náà àti díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ olórin kan tó ń jẹ́ Gordon Jenkins ló ti mú un, ó sì padà san owó gbà-máà-bínú fún un. Kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́.) Ọdún 1955 ló gbé orin náà jáde. Bí ó ṣe ń rìn kiri lórí rédíò ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i pé kó wá kọ ọ́ fún àwọn lójúkojú. Ó lọ. Láti ọdún 1957 ló ti ń lọ, bẹ̀rẹ̀ láti Huntsville ní Texas, ó sì ti dé Folsom gan-an lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 1966. Ó pẹ́ tó ti ń sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde pé irú eré báyìí ló yẹ kí àwọn gbà sílẹ̀, àmọ́ wọn kò kà á sí. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Bob Johnston, ẹni tó ń bójú tó gbígba orin sílẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n tó gbà.

Àárọ̀ Sátidé bíi tòní ni, ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́, nínú yàrá ìjẹun àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣeré, ní aago 9:40 àárọ̀ àti aago 12:40 ọ̀sán, kí èkejì lè bo àkọ́kọ́ láṣìírí bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ti àárọ̀ ló dùn jù. Ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà tó fi di ọ̀sán, orin méjì péré ni wọ́n mú nínú ìyẹn sínú àwo. June Carter wà níbẹ̀, òun àti Cash kò tíì ṣègbéyàwó, ó di oṣù Ẹrẹ́nà. Carl Perkins tó jẹ́ olórin wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin Statler Brothers náà. Luther Perkins ló ń ta gìtá tó ń dún tíkì-tàkà lábẹ́ ohùn Cash, bí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ lókèèrè. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Luther kú lẹ́yìn tí iná jó ilé rẹ̀.

Ó dáa. Orin Folsom ló bẹ̀rẹ̀ àwo náà. Níbì kan nínú rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n inú orin sọ pé òun yìnbọn pa ọkùnrin kan ní ìlú Reno, kí òun ṣá lè wò ó bó ṣe ń kú. Bí gbólóhùn yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu Cash báyìí, ariwo ayọ̀ ta látàárín èrò. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ àwo náà ló mọ ariwo yẹn. Òun ló ń mú kí irun ara èèyàn dìde. Èmi náà, ọdún gbọọrọ ni mo fi ń fojú inú rí àwọn ọkùnrin inú aṣọ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń yọ̀ sí ikú ọmọ ẹlòmíì, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ ò rí i bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń sọ èèyàn dà.

Wọn kò pariwo kankan. Lẹ́yìn tí eré parí, tí wọ́n ti gbé téèpù dé sítúdíò, ni wọ́n fi ariwo náà kún un.

Mo sáré padà sídìí tábìlì mi, mo ki íápíìsì bọ etí, mo tún ibẹ̀ gbọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Ojú tì mí pé mi ò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́dà wà nídìí wọn, aago eré á parí, Cash á wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, àwọn á sì padà sínú yàrá tí wọ́n ń tì pa. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn mọ ohun tó ń hó sí. Àwọn tó ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà ní wọ́n ṣọ́ra gan-an tí Cash bá ti ń sọ ohunkóhun tó kan ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, kí ó má di ohun tí wọ́n máa fi jìyà.

Ariwo mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n tọ́ wọn sọ́nà sí i, ìyẹn kò dùn mí. Hugh Cherry tó ń darí ètò ló sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́ títí Cash yóò fi sọ pé òun ni Johnny Cash. Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ariwo sì gba gbogbo ilé. Àkókò nìkan ni wọ́n yàn fún wọn níbẹ̀, ohùn tiwọn ni. Èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Reno, ẹlòmíì ló fi sí wọn lẹ́nu. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Wọn kò jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu oníkàn.

Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé abẹ kan náà ló padà wá gé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúrò. Oṣù Ẹ̀bìbí ni àwo náà jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù wọ́n yìnbọn pa Robert Kennedy tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò sì dáwọ́ orin yẹn dúró nítorí gbólóhùn kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ni àwo yọ gbólóhùn náà kúrò nínú èyí tí wọ́n kó fún rédíò. Cash kọ̀, wọn kò dá a lóhùn. Lóṣù kan a fi ariwo kún un kó lè tà, lóṣù kejì a yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó lè tà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwọn ọkùnrin Folsom fúnra wọn, kó lọ sídìí orin tí Cash ti ń ka ìṣẹ́jú tó kù kí wọ́n yẹgi fún ẹnìkan, láti 25 títí dé òfo. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rín wọn kò dọ́gba, ó ń já, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìkángun kan kó tó dé ìkejì. Láàárín ọdún 1895 sí 1937, ọkùnrin 93 ni wọ́n yẹgi fún nínú ọgbà Folsom. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Kí ó tún lọ sídìí orin tó kẹ́yìn, èyí tó jẹ́ pé Glen Sherley, ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀, ló kọ ọ́ nípa ilé ìjọsìn olókùúta inú ọgbà náà. Òru tó ṣáájú eré ni Floyd Gressett, pásítọ̀ kan tó máa ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, gbé téèpù rẹ̀ fún Cash. Cash kọ́ ọ lóru ọjọ́ náà. Sherley jókòó síwájú, kò mọ̀ rárá pé wọ́n máa kọ orin òun, títí ó fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ látẹnu Cash. Ariwo tó sọ lẹ́yìn orúkọ yẹn, kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ ní sítúdíò. Ó nípọn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè ń hó nítorí pé wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ.

Cash jà fún Sherley títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lọ́dún 1971, ó gbà á sẹ́gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington lọ́dún 1972 lórí àtúnṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ayé ìta kò rọgbọ fún Sherley. Lọ́dún 1978 ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Mi ò lè gbọ́ orin yẹn kí n má rántí.

Wàyí o, ìdí tí mi ò fi lè sùn.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, a lọ gba ìpàdé kan sílẹ̀ lábúlé kan nítorí ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Màmá kan dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìró wọn mú, wọ́n sọ bí ọmọ wọn obìnrin ṣe rọbí lójú ọ̀nà yẹn tí kò dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n parí, kò sẹ́ni tó mira. Adìẹ kan ń ké lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ọ dáadáa nínú íápíìsì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn. Nígbà tí a dé, ọ̀gá mi nígbà náà ní àwọn tó ń gbọ́ á rò pé rédíò ti kú, pé kí n fi àtẹ́wọ́ bò ó. Mo ní àtẹ́wọ́ lóríṣiríṣi nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo mú ọ̀kan tí mo gbà níbi ìgbéyàwó, mo fi sí i.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo padà dé abúlé náà. Mo kúnlẹ̀ kí màmá. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá ní:

"Ọmọ mi, àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo sọ pé ọmọ mi kú. Ta ló pàtẹ́wọ́? Èmi ò gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà." Mi ò sọ pé èmi ni.

Lọ́dún 2008 wọ́n gbé eré méjèèjì tí wọ́n ṣe ní Folsom jáde lódindi. Téèpù rẹ̀ wà nípamọ́ fún ogójì ọdún. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́ yìí, mo wá fáìlì ìpàdé abúlé yẹn. Èyí tí a gbà níbẹ̀ gan-an ti parẹ́. A pa á rẹ́ kí àyè lè wà fún ètò míì. Ẹ̀dà tó lọ sórí rédíò nìkan ló kù. Mo gbìyànjú láti yọ àtẹ́wọ́ yẹn kúrò, kò ṣeé yọ, torí mo ti jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kí ohùn màmá tó tán. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn. Abẹ́ àtẹ́wọ́ náà ló wà, bí mo bá gé ọ̀kan, èkejì á bá a lọ.