Kírìjì kì í bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ olùkọ́ Ìtàn ni kíkọ sìkíìmù: kí lọmọ yóò kọ́kọ́ gbọ́, kí ni yóò tẹ̀ lé e. Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń ṣe é, kò sì síbi tó ti le tó orí ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà.

Nígbà tí ìjọba tún ètò ẹ̀kọ́ tò ní 2007, Ìtàn pàdánù àyè tirẹ̀ ní praimárì àti JSS. 2018 ni ètò Ìtàn tó dá dúró tún jáde. Láàárín ìgbà yẹn, ọmọ Èkìtì á wọ SSS láì mọ ẹni tí Fábùnmi, akọni Òkè-Ìmẹ̀sí nínú ogun yìí, í ṣe. Ó ń dùn mí títí dòní.

Báyìí tí àyè ti wà, ọ̀pọ̀ wa ló ń sáré lọ síbi tí Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣọ́ ìlú, ní Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́dún 1878. Ibẹ̀ ló dùn, àwọn ọmọ a sì máa pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Ó ní, "Mà, ṣé èèyàn burúkú làwọn baba ńlá wa ni?"

Látìgbà náà, Òṣogbo ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ló dá ogun Ìlọrin dúró níbẹ̀. Agbára tí wọ́n fi dáàbò bo ilẹ̀ Yorùbá náà ni wọ́n padà fi jọba lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ajẹ́lẹ̀ wọlé: ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń já wọ oko olóko. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣírò iṣu: bàbá yín wa ọgọ́rùn-ún, ọba gba tirẹ̀, ajẹ́lẹ̀ kó tirẹ̀, mélòó ló kù fún yín títí di ọdún tó ń bọ̀? Ariwo á sọ! Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó dárúkọ Fábùnmi, Ògèdèngbé jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, àtàwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó tí wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ti àlàáfíà. Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn òjíṣẹ́ ìjọ, jíṣẹ́ láàárín ibùdó méjèèjì, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní September 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ológun tó tú ká, torí ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ àti ogun Ọ̀fà kò tíì yanjú.

Àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ kan ti tó. N kò gbà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ sìkíìmù yìí, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò, kó béèrè, kó sì fi ohun tí àwọn àgbà ìlú tirẹ̀ bá sọ kún ọ̀sẹ̀ kẹta.