Èmi àti Lúfà Òkè-Bọ́lá

Ẹni tó bá dàgbà sínú ilé onílúfà, ìyẹn ilé tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa dé, ló máa mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹnu ilẹ̀kùn, àti fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, wọn kì í pe káfíńtà. Ọmọ tí apá rẹ̀ tín-ín-rín jù ni wọ́n ń pè. Yóò gun bíríkì méjì, yóò fa gíláàsì kan yọ jẹ́jẹ́, yóò gbé e fún ẹni tó wà nílẹ̀, yóò wá ti ọwọ́ bọ àárín irin títí dé èjìká, yóò máa táràrà kiri títí yóò fi kan ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Èmi ni ọmọ yẹn nílé wa. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé àwọn ará àdúgbò máa ń wá bẹ màmá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa jí Àjàní." Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló ń wá onítọ̀hún kiri báyìí.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà, ní Òkè-Bọ́lá n'Ìbàdàn, lọ́dún 1979, ọdún tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà. Nígbà tí omi Ògùnpa yalé lóṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé, tó gbé èèyàn, kò dé ọ̀dọ̀ wa, torí pé orí òkè la wà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu màmá mi, ẹ ó rò pé lúfà ló dá omi náà padà.

Lọ́dún tó kọjá, bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti Èkó lọ kí màmá mi. Eruku tí mo bá lórí tẹlifíṣọ̀n pọ̀ débi pé èèyàn lè fi ìka kọ lẹ́tà sí i. Fèrèsé pálọ̀ mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó ń pa dé mọ́. Nínú gíláàsì 42, mẹ́sàn-án ti kú. Wọ́n ti fi páálí dí ibòmíràn, wọ́n fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún 2011 dí ibòmíràn. Nínú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ní ìlà kẹrin, pátákó pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀ tí bàbá mi fúnra wọn rẹ́, tí wọ́n sì kùn ní ọ̀dà búráùn.

Mo mọ ìtàn pátákó yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Lóṣù kẹfà ọdún 1994, Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bulgaria ní Amẹ́ríkà, ó ki ọwọ́ bọ inú nẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi náà gbá tèmi lẹ́yìnkùlé. Mo ti di irin fèrèsé mú, mo ti ń mì í, omijé ayọ̀ ti ń bọ̀, kí n tó gbọ́ tí bàbá mi sọ láti inú pálọ̀ pé, "Yẹkínì, máa bọ̀ wá síbí."

Alumíníọ́mù ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé sáídìn. Ó wọn ibi gbogbo, ó mi orí, ó ní ká yọ gbogbo pàǹtí yìí dànù. Màmá mi gbójú sókè láti ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Pàǹtí ta ni?"

Ó dárúkọ owó: ₦950,000 fún fèrèsé mẹ́sàn-án. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, iye kan náà ni. Màmá mi ní kó ṣí fèrèsé tiẹ̀ yẹn han àwọn lórí fóònù. Ó fi hàn wọ́n.

"Ṣé ó ti ṣí tán nìyẹn?"

"Ó ti ṣí tán, mà."

"Apá kan ló gun apá kejì lẹ́yìn yẹn. Ìdajì ló ṣí. Ìdajì atẹ́gùn lo fẹ́ tà fún mi ní gbogbo owó."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Lúfà, tó o bá ṣí i, gbogbo ẹ̀ ló ṣí. Tí òjò bá ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wàá dá a dúró láàbọ̀, omi á máa ṣàn sẹ́yìn gíláàsì, atẹ́gùn á máa wọlé. Nílùú tí iná ti ń lọ bó ṣe wù ú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ọmọkùnrin náà ṣe ń ká téèpù rẹ̀, ẹnu mi kò dúró, mo ní: "Màmá, ẹ fi í lẹ̀. Mo máa tún un ṣe fún yín. Sátidé kan ṣoṣo."

Sátidé àkọ́kọ́, mo rí ohun tó ń ṣe lúfà wa. Kò bàjẹ́ rárá. Ọ̀dà ló mu yó. Láti 1979, gbogbo akunlé tó wọ ilé yẹn ló kun férémù pẹ̀lú gíláàsì nídìí, kò sí èyí tó yọ ohunkóhun. Mo fi bíléèdì họ ẹyọ kan, mo rí búráùn. Mo họ ọ́ sí i, mo rí àwọ̀ ewé, ìyẹn ti ìgbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Lábẹ́ rẹ̀, fúnfun tó ti pọ́n bí eyín onígòòrò. Gbogbo ibi tó yẹ kó máa yí ló ti gan. Mo fi kẹrosíìnì rin ín, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ọ́, mo kán ọ́ìlì sí i, mo ń mì í díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá ó dún "kíín", ó yí. Mo pariwo bí ẹni tó jí òkú dìde.

Etí tó di gíláàsì mú ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Etí kékeré tín-ín-rín ni, ẹ̀mú ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ kí gíláàsì lè yọ. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ padà, ó lè gbà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ké pẹ́n, ó bọ́ sílẹ̀. Mo ṣẹ́ mọ́kànlá kí n tó gbọ́n.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí mo gbọ́n. Mo yọ gbogbo gíláàsì tó kù, 33, láti fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dà wọ́n sínú bàsíà ìwẹ̀ kan náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo tò wọ́n sára ògiri, wọ́n ń dán gbinrin. N kò kọ nọ́ńbà sí ọ̀kankan. Mo ṣe bí ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Àṣé káfíńtà ọdún 1979 kò ní téèpù, ojú ló fi ń wọn nǹkan! Ibì kan gba ínṣì 24, ibì kan gba 23 àti ààbọ̀, ibì kan sì wà láàárín méjèèjì. Èyí tí mo bá mú kò wọlé. Èyí tó bá wọlé á máa jó. Láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kejì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ló parí lọ́jọ́ náà, ihò méjì tòun ti pátákó bàbá mi kúrò. Aṣọ ìbora la fi dí ìyókù. Òjò àkọ́rọ̀ sì yan òru ọjọ́ yẹn láàyò.

"Sátidé kan ṣoṣo," ni màmá mi sọ nínú òkùnkùn. Wọn kò sọ nǹkan mìíràn.

Sátidé kejì ni mo lọ gé mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án tó kù, mo fi pátákó bàbá mi sílẹ̀ ná. Mo wọn àyè tó wà láàárín etí sí etí, mo kọ ọ́ sọ́wọ́, mo gbé e lọ fún onígíláàsì ìsàlẹ̀ títì. Ó ní èyí tó nípọn ní mílímítà 6 bíi ti tẹ́lẹ̀ kò sí, 4 ló wà. Mo ní kó gé e. Ẹ bá mi wo ọmọ náà níbi iṣẹ́: ó ti ẹnu ìgé bọ kẹrosíìnì, ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, "kírírírí", ó fi ìka gbá abẹ́ rẹ̀, gíláàsì là sí méjì gbọnran bí ìgbà tí wọ́n la orógbó. Ó bi mí bóyá kí òun fi òkúta pa ẹnu rẹ̀ tó mú. Mo ní kó fi sílẹ̀, ìyẹn náà owó ni. Ká tó délé, ìka mi mẹ́ta ti wà nínú àkísà.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé gíláàsì máa ń wọnú etí lọ́tùn-ún lósì. Èyí tí mo gé ń fi èékánná rọ̀ mọ́ ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí lúfà bá ti pa dé, ojú kò lè rí i. Mo pa gbogbo rẹ̀ dé, mo gba oríyìn, mo jẹ àmàlà, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo sùn.

Ní aago méjì òru, atẹ́gùn dé.

"Ṣánráń!"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Màmá mi nìyẹn, láti yàrá.

"Ṣánráń!"

"Olè! Ẹ dìde o, olè ń fọ́ lúfà Ìyá Àjàní!" Ìyá Ìbejì ilé kejì nìyẹn. Wọ́n máa ń tètè jí fún irú rẹ̀.

Mo sáré bọ́ síta láti mú ìyókù kí wọ́n tó já. Mo mú ẹyọ kan. Mo mú ìkejì. Bí mo ṣe gbé méjèèjì dání, pẹ̀lú péńpé lásán nídìí, ni iná tọ́ọ̀ṣì kan là sí mi lójú. Ọdẹ àdúgbò ni, tuntun sì ni, kò mọ̀ mí rí.

"Gbé lúfà onílúfà sílẹ̀!"

"Ilé bàbá mi nìyí!"

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń sọ nìyẹn. Dọ̀bálẹ̀!"

Orí àfọ́kù gíláàsì ni mo dúró sí, kò sí bí mo ṣe lè dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe ìyá mi. Màmá mi jáde, wọ́n kọ́kọ́ lọ wá awò ojú wọn, wọ́n wá gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n tàn án sí mi láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ó jọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ní Sátidé kan ṣoṣo ló máa gba òun."

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọdẹ gba ẹgbẹ̀rún méjì owó ìjìyà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ìyà tó jẹ.

Sátidé kẹta, ìtìjú ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo ra gíláàsì míràn, mo wọ̀n ọ́n dé inú etí, mo ní kí wọ́n pa ẹnu gbogbo wọn. Mo yọ pátákó bàbá mi, mo fi gíláàsì gidi rọ́pò rẹ̀. Mo ra ọwọ́ tuntun fún fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ojú má sì tún tì mí mọ́ láyé, mo ra gọ́ọ̀mù sílíkónì, mo fi dí ìdí gíláàsì méjìlélógójì, lọ́tùn-ún lósì, nínú lóde.

Màmá mi fi imú fa atẹ́gùn. "Kí ló ń kan bí ògì ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Gọ́ọ̀mù ni, mà. Kò sí èyí tó máa já bọ́ mọ́."

"Ṣé ó ṣì máa ṣe é yọ?"

"Kò ní í ṣe é yọ láé, Màmá!" Pẹ̀lú ayọ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Ó sì dára, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Ẹ fi ìka kan péré ti ọwọ́ rẹ̀, gíláàsì méjèèje apá kan á ṣí fẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ tì í padà, kòkòrò kò ráyè wọlé. Ìyá Ìbejì, tí àwọn ti fi sáídìn sí tiwọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbatẹ́gùn lọ́dọ̀ wa nígbà tíná bá lọ.

Ní Sátidé kẹrin, ìnáwó la lọ, èmi, màmá mi àti ọmọ mi ọkùnrin. Mo pa gbogbo lúfà dé kí òjò má bàa bá wa níta. Màmá mi fa ilẹ̀kùn, ó gbá. Ìgbà tá a padà dé, pẹ̀lú ìrẹsì nínú ọ̀rá, ni wọ́n tó rántí pé orí tẹlifíṣọ̀n ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọkàn wọn kò tiẹ̀ dààmú. Wọ́n jókòó sórí àga àkéte, wọ́n bọ́ bàtà. "Kò sí wàhálà. Ilé onílúfà la wà. Ọkọ mi, wá gun bíríkì, wá kọ́ṣẹ́ bàbá rẹ."

Ọmọ náà gun bíríkì. Ó fa gíláàsì kan. Ó fa ìkejì. Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á.

"Dádì, kò yọ."

Màmá mi kò wo ọmọ náà. Èmi ni wọ́n ń wò. Bíléèdì tí mo lè fi gé gọ́ọ̀mù wà nínú ilé. Ẹ̀mú wà nínú ilé. Tẹ́lẹ̀, tí lúfà wọ̀nyí kò pa dé dáadáa, ọwọ́ ìbá kọjá láàárín wọn láìyọ nǹkan kan. Èmi náà ló tún wọn ṣe.

Ìkùukùu ti ń ṣú ní apá Ìdí-Ìkàn nígbà tí wọ́n fọhùn.

"Fọ́ ọ̀kan. Tuntun ni kó o fọ́. Má fọwọ́ kan ti bàbá rẹ."

Tuntun tó wà níbi tí ọwọ́ ti lè dé ilẹ̀kùn, ẹyọ kan ni: ìlà kẹrin. Mo gbé òkúta lé ọmọ mi lọ́wọ́. Kò dúró kí n ka ení èjì tó fi sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn ju ti Yekini lọ.

A wọlé. Mo ń gbá àfọ́kù jọ, mò ń wo ihò náà, mò ń ronú ibi tí màá ti rí páálí kí òjò tó dé. Màmá mi bọ́ gèlè, wọ́n wọ yàrá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n padà jáde pẹ̀lú pátákó búráùn, wọ́n ti nù ún mọ́, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ gbé ìrẹsì kaná.