Ọwọ́ Mi, Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́

Òkèlè iyán ló tú àṣírí mi. Ọjọ́ Àìkú ni, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, èmi àti ìyá ìyàwó mi jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà. Mo bu òkèlè, mo fi kan ẹ̀fọ́, mo gbé e dókè báyìí, ló bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ó di pọ̀ọ̀ sínú abọ́. Ọbẹ̀ ta, ó bà sórí gèlè Mama. Mama wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé kì í ṣe rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ yìí?"

"Rárá o, Mama. Kẹ̀kẹ́ ni."

Dókítà ló ní ìfúnpá mi ti ga, kí n wá nǹkan fi ara ṣe. Ẹsẹ̀ rírìn ló ní lọ́kàn. Èmi lọ ra kẹ̀kẹ́ orí òkè ní pọ́ùn 1,400. Kì í ṣe irú Raleigh tí bàbá mi fi ń ru iṣu láti oko wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ o. Táyà tèmi sanra bí apá alápatà. Fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, ní afẹ́fẹ́ àti òróró nínú, tó bá já sí kòtò ó yẹ kó lè wọlé tó mìlímítà 140. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, irin tí à ń dì mú, fẹ̀ dé mìlímítà 800. Ìyàwó mi ní ìwo màlúù ló jọ.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwa mẹ́rin a máa kó kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, a ó gba M4 lọ sí Merthyr Tydfil ní Wales, níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sínú igbó orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Mynydd Gethin. Ọkọ̀ á gbé ọ gòkè, ìwọ á fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń júwe bí ọ̀nà ṣe le tó: àwọ̀ ewé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, búlúù fún irú wa, pupa fún ẹni tó láyà, dúdú fún ẹni tó ti ṣe ìwé ìhágún. Òkúta ibẹ̀ ò ṣe é kà. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á ti kú. Mi ò ní lè tú okùn akoto orí mi. Ìgbà kan wà tó jẹ́ eyín ni mo fi ṣí ìgò omi.

Ọmọkùnrin òyìnbó kan tó tò sẹ́yìn mi níbi tá a ti ń dúró de ọkọ̀ ló wo kẹ̀kẹ́ mi tó sì mi orí. Ó ní irin ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa mí. Ó ní alumíníọ̀mù ni, àti pé ìdí rẹ̀ láàárín, níbi tí wọ́n ti dè é, tóbi dé mìlímítà 35, bẹ́ẹ̀ 31.8 ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí ni ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́ta lè ṣe? Ó lè ṣe púpọ̀. Páìpù méjì tí awọ ara wọn nípọn bákan náà, èyí tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta le jù ú lọ. Ó ní kí n lọ ra oníkábọ́ọ̀nù, pé òun ló ń gbé ìgbọ̀nrìrì mì kó tó dé ọwọ́.

Mo kà nípa rẹ̀ mọ́jú. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tò léra ní abala-abala, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù mú un pọ̀, wọ́n á sì fi iná sè é títí á fi gan. Ibi tí wọ́n bá dojú fọ́nrán náà kọ ló ń sọ bóyá á le tàbí á rọ̀. Ìyẹn ni pé oníkábọ́ọ̀nù kan wà tó le ju alumíníọ̀mù lọ, òmíràn sì wà tó rọ̀ jù ú lọ, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Mo ka ibẹ̀ yẹn dáadáa, mo sì fò ó.

Pọ́ùn 145 ni mo san. Nígbà tó dé, ìyàwó mi gbé e wò.

"Kí ló fi dáa ju ti tẹ́lẹ̀?"

"Ó fúyẹ́. Gíráàmù 310 ni ti tẹ́lẹ̀, 220 lèyí."

Ó wo ikùn mi fún ìgbà díẹ̀. "Gíráàmù 90. Bàbá Dámi, àkàrà tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ ṣáà gé e kúrú. Ti àtẹ̀yìnwá yẹn ti họ ara ògiri kọ́rídọ̀ mi tán."

Mo gé e. Mo fi téèpù wé ojú ibi tí mo fẹ́ gé, mo bomi sí i, mo fi nǹkan bo imú, torí eruku kábọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú. Mìlímítà 20 lọ́tùn-ún, 20 lósì. Ohun tí mi ò rò ni pé gígùn igi ló ń jẹ́ kó tẹ̀. Bó o bá ṣe gé e kúrú tó ló ṣe máa le tó. Mo fi pọ́ùn 145 ra rírọ̀, mo wá fi ayùn gé lára rírọ̀ náà dà sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀.

Wọ́n tún fi ọ̀rá kékeré kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ bí ìpara tí wọ́n da iyanrìn sí. Ìyẹn ni wọ́n ń fi pa ojú ibi tí wọ́n fẹ́ dè, kó má bàa yọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fún un pa. Mo lọ yá sípánà tó máa ń dún kẹ́ tó bá ti dé 5 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí ìdè. Ìdè àdèjù burú fún kábọ́ọ̀nù. Ọwọ́ Raleigh bàbá mi wọ́ nígbà kan, wọ́n kì í bọ àárín igi máńgòrò méjì, wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ padà, ó di ọjọ́ alẹ́ wọn kó tó tún yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ ò lè dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú èyí. Kì í wọ́, kíkán ló máa kán. Èmi tí mò ń dè é, àfi bí ẹni ń gé èékánná ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Nígbà tá a padà dé Wales, kí n má purọ́, ọwọ́ mi tún kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ná pọ́ùn 145 tí yóò jẹ́wọ́? Mo bọ́ sílẹ̀, mo ní, "Háà! Ó rọ̀ bí àmàlà!" Àwọn méjì ti ń béèrè iye tí mo rà á.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọmọ Ìbàdàn, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, "Gun tèmi lẹ́ẹ̀kan."

Mo gùn ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, àfi bí ẹni sùn sórí fóòmù. Mo dé ìsàlẹ̀, mo tú okùn akoto mi fúnra mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kábọ́ọ̀nù tiyín dáa ju tèmi o! Èló lẹ rà á?"

"Alumíníọ̀mù ni. Òun ló bá kẹ̀kẹ́ wá."

"31.8 ni?"

"35."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n tẹ iwájú rẹ̀. Kò mì. Wọ́n gbé àyà lé e. Fọ́ọ̀kì dúró bí òpó ilé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo orí fọ́ọ̀kì náà lápá ọ̀tún.

"Àbúrò, ta ló ti èyí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ àdúgbò wa. Olè pọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Bọ́tìnnì búlúù kan wà níbẹ̀ tó ṣe é yí, wọ́n sì ya àgádágodo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tì, ọ̀kan ṣí. Lọ́jọ́ tí mo rà á ni mo ti rí i, mo sì súre fún òyìnbó tó ronú kan ọ̀rọ̀ olè débẹ̀. Mo tì í. Oṣù méje, mi ò ṣí i. Lóòótọ́, ó ṣe mí ní kàyéfì pé mo ń tì í, mo sì tún ń gùn ún lọ. Mo ṣáà ní bóyá kẹ̀kẹ́ mọ olówó rẹ̀.

Ohun tó ń tì kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ojú ọ̀nà òróró inú fọ́ọ̀kì ló ń dí, kó má bàa máa lọ sókè sódò nígbà téèyàn bá ń gun òkè, kí agbára ẹsẹ̀ má bàa ṣòfò. Tí ìfò bá pọ̀ gan-an, fáàfù kan á já fún òróró, fọ́ọ̀kì á wọlé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura rárá: ó máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ò lè dúró mọ́. Wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n di ikùn mú. Awakọ̀ tó ń gbé wa gòkè béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé fún un, òun náà pa ọkọ̀.

Wọ́n yí bọ́tìnnì náà fún mi, mo gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi pé. Wọ́n ní kábọ́ọ̀nù náà ò burú, pé ó ń pa ìgbọ̀nrìrì wẹ́wẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì àti táyà ló ń tò sí.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nílé. Kí n tó kọjá afárá Severn, wọ́n ti gbé e sórí WhatsApp. Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ti rẹ́rìn-ín tán, ó ń nu ojú. Lójijì, ó dákẹ́.

"Ẹ dúró ná. Sátidé tẹ́ ẹ lọ ra ẹran ní Rye Lane, tẹ́ ẹ lo wákàtí méjì, ibo lẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí?"

"Ìta."

"Ẹ tì í?"

"Mo tì í."

"Bọ́tìnnì yẹn náà?"

Orúnkún mi rọ̀ ju kábọ́ọ̀nù lọ. Mo fìdí lé àga. Láti inú pálọ̀, mo gbọ́ ohùn Mama.

"Ọkọ mi, ẹ ta irin dúdú yẹn. Gèlè mi ò ju ogójì pọ́ùn lọ."