Ìdá kan nínú mẹ́ta

"Àǹtí mi, ọ̀kun o! Trump ti bá wa yọ ọ́ o!" Bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nínú ohùn tó gbà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Houston, ní oṣù kejì. Àgbàlá ilé wa ní Kábà ni mo wà, mo ń ṣa èyí tó bà jẹ́ kúrò nínú kájú tí a sá sóòrùn. Ó ní wọn kì í gba owó orí lórí ófátáìmù mọ́, wọn kì í sì í gbà á lórí tip (owó ọ̀yàyà tí oníbàárà ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ fún un), owó ńlá ń padà bọ̀ wá bá òun.

Ọdún 29 ni mo fi ṣiṣẹ́ owó ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ní wọ́n ti dárí owó orí ji òun, ìwé ni mo máa ń ní kó mú wá. Mo ní kó ya fọ́tò gbogbo payslip rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló máa ń wà, dọ́là 18 ni wákàtí kan. Tó bá ti ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, ó di 27. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ síwájú oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan.

Wákàtí 180 ló ṣe lófátáìmù lọ́dún 2025, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 4,860. Gbogbo rẹ̀ ló kó sínú Schedule 1-A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n máa bu owó orí lé, pé kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní, "Rárá o. Nínú 27 yẹn, 18 ni owó iṣẹ́ rẹ, wọ́n ṣì máa bu owó orí lé e. 9 tí wọ́n fi gorí rẹ̀ nìkan ni òfin ń wí." Pín 4,860 sí mẹ́ta: 1,620.

Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ tún un ṣírò, Àǹtí mi." Mo tún un ṣírò. 1,620 náà ni. Ọjọ́ méjì ni kò fi pè mí.

Mi ò dá a lẹ́bi púpọ̀. Ìjọba wọn kò fi dandan lé agbanisíṣẹ́ láti ya owó ófátáìmù yìí sọ́tọ̀ nínú W-2 ti ọdún 2025, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye tó san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó ti payslip. Òfin náà ní òpin tirẹ̀ o: dọ́là 12,500 lọ́dún fún ófátáìmù ẹnì kan, 25,000 fún tip, ọdún 2028 ló sì máa parí. Owó Social Security (ti ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ti ìlera àwọn àgbàlagbà), tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́, kò sì sí nínú ìdáríjì kankan.

Tip ló wá dá ìjà gidi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi káàdì san ti wà nínú W-2. Ti owó ọwọ́ ńkọ́? "Ẹ̀bùn ni, Àǹtí mi. Ta ló ń kọ ẹ̀bùn sílẹ̀?" Lóòótọ́, níbí, ọmọ tó bá mi gbé kájú dé ibi òṣùwọ̀n, tí mo ní kó fi èyí ra mínírà, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, tí tip bá ti tó dọ́là 20 lóṣù, o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Kò kọ nǹkan kan. A wá inú fóònù rẹ̀ títí, a rí 640 tó kọ síbẹ̀. Form 4137 nìyẹn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń san owó Social Security àti Medicare lórí tip tí ẹni kò kọ fún ọ̀gá: ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là 48 àti sẹ́ǹtì 96.

Ó ní ta ló máa mọ̀. Mo ní, owó tí o ò sọ pé ó wọlé, inú kí lo fẹ́ ti yọ ọ́?

Ó san án, ó ń kùn. Láti ìgbà náà, kí ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ṣú, fọ́tò ìwé kékeré rẹ̀ á ti wọlé. Ti oṣù tó kọjá ní àbàwọ́n ọbẹ̀ tòmátì lára. Ẹ̀gbẹ́ dọ́là márùn-ún kan ló kọ ọ́ sí pé: "Ìyá àgbà òyìnbó kan. Ó bi mí pé kí ni mò ń kọ. Ó ní kí n bá òun kí Àǹtí mi."