Ọ̀gá Tó Ń Sanwó fún Ọmọ Iṣẹ́

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kétárìn n'Íbàdàn, màmá mi ló san owó ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n ra páálí mínírà kan, wọ́n fi owó sínú àpòòwé, wọ́n sì fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́: "Ọmọ yín rèé. Bó bá ṣàṣìṣe, ẹ bá a wí." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọmọ ilé. Mo ń gbálẹ̀ ilé ọ̀gá kí n tó gbá ti ṣọ́ọ̀bù, mo ń sin ọmọ wọn lọ sí iléèwé, bí òde bá sì bọ́ sí Sátidé, èmi ni mo ń fi òru Fúráìdé gé àlùbọ́sà títí ojú mi á fi wú. Ọdún méjì gbáko. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba fírídọ̀mù, màmá mi tún tọwọ́ bọ àpò.

Ẹ ò wá rí i pé nígbà tí mo pè wọ́n láti Jámánì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 pé hótẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni yóò máa sanwó fún mi, ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn.

"Ṣé o ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún ni?"

"Rárá mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni."

"Kí ni wọ́n wá ń sanwó fún?"

Mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn títí dòní.

Ausbildung ni wọ́n ń pe ètò náà. Ti hótẹ́ẹ̀lì tí mò ń ṣe yìí, ọdún mẹ́ta ni. Èèyàn á ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní hótẹ́ẹ̀lì, á lọ ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní iléèwé ìjọba tí wọn kì í gbowó níbẹ̀, á sì tún padà. Inú ìwé àdéhùn ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin wọn sọ pé àdéhùn tó bá ní kí ọmọ iṣẹ́ sanwó kí wọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tún ní iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ náà nìkan ni ọ̀gá lè gbé fún ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ọmọ ọ̀gá mi àti báàgì iléèwé rẹ̀ ni mo rántí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n kó mílíọ̀nù wá kí òun tó bá wọn wá Ausbildung. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni àwọn àyè náà wà, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Ohun tó ń náni lówó ni kíkọ́ èdè wọn, ìdánwò rẹ̀ àti físà.

Ó ku owó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2025, iye tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún un lóṣù lọ́dún àkọ́kọ́ ni 682 yúrò, yóò sì máa lọ sókè lọ́dọọdún. Tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1,050 ni. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì sọ ọ́ di náírà. Wọ́n á yọ ti ìlera, wọ́n á yọ ti ìgbà àìríṣẹ́, wọ́n á yọ ti ìtọ́jú ẹni tí kò lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ mọ́, wọ́n á yọ ti ìfẹ̀yìntì, èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Èyí tó ń wọ àkáǹtì kò tó 850. Yàrá tí hótẹ́ẹ̀lì fún mi ń gba 320 níbẹ̀, tiná tomi. Iná ọ̀hún kì í sì í lọ o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí fíríìjì bá ti dákẹ́ díẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi ti ń wá tọ́ọ̀ṣì.

Hótẹ́ẹ̀lì tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ńkọ́? Nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, ọ̀gá wa ní òun gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn fi nǹkan kan kún un ni. Owó táwọn àlejò bá fún wa la fi ń jẹun. Níbí, bí oúnjẹ bá jẹ́ 27.40 yúrò, àlejò á na 50 sí mi, á ní "30". Ó ti tán nìyẹn, 20 ni màá fún un padà, èyí tó kù jẹ́ tèmi, ìjọba kì í sì í gba owó orí lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ki ẹnikẹ́ni kó tó fúnni.

Ohun tó dà mí láàmú jù kì í ṣe owó. Àwọn ará Jámánì ní "du" àti "Sie", bí àwa náà ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Olùkọ́ tó kọ́ wa ní èdè Jámánì l'Ékòó fi odidi ọjọ́ kan ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yé mi kó tó la ẹnu. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó ń ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá na ọwọ́ sí mi, irun rẹ̀ ti funfun báláú, ó ju màmá mi lọ dáadáa. Ó dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ àbísọ, ó ní kí n máa pe òun ní "du". Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó wolẹ̀, ó bi mí bóyá nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yí gbólóhùn po kí "du" má bàa jáde lẹ́nu mi. Dípò kí n sọ pé "ṣé o ti yẹ yàrá kejìlá wò?", màá ní "ṣé wọ́n ti yẹ yàrá kejìlá wò?" Ó wò mí títí, ó ní ta ni "wọ́n"?

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le bí mo ṣe rò, àfi pé wọn kì í fojú fo nǹkan kékeré. Ẹ wo ife wáìnì. N'Íbàdàn, a á fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a á dojú rẹ̀ dé. Níbí, omi gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, wàá gbé ojú ife sórí ooru rẹ̀ títí yóò fi ṣú, wàá fi aṣọ tí kì í re òwú nù ún, wàá wá gbé e sókè sí iná kó o wò ó bóyá ìka rẹ hàn lára rẹ̀. Bí ó bá hàn, ó di àtúnṣe. Ọgọ́ta ife nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Lálẹ́, màá kọ ọ́ sínú Berichtsheft, ìwé tí a ń kọ ohun tí a bá kọ́ sí, tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí. Láìsí i, kò sí ìdánwò àṣekágbá.

Aago sì ni ọ̀gá àgbà. Tí mo bá ṣíwọ́ lálẹ́, ó ní iye wákàtí ìsinmi tó gbọ́dọ̀ kọjá kí n tó padà wọṣẹ́. Mo jókòó pẹ́ níjọ́ kan láti bá wọn ká aṣọ ìnuwọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde. N'Íbàdàn, bí ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò bá dé, màá ṣe tàárọ̀, màá ṣe tòru mọ́ ọn.

Àmọ́ mo ṣàìsàn nínú oṣù kejì. Dókítà fún mi ní ọjọ́ márùn-ún, owó mi kò dín sẹ́ǹtì kan. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá gbígbóná, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. "Gute Besserung", ìyẹn "ara á yá o", wọlé sórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nílé ọ̀gá mi n'Íbàdàn, ọ̀gá yìí kan náà tó ń fi mí gé àlùbọ́sà lóru ló po ẹ̀kọ gbígbóná, tó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin onírun funfun yẹn gbé ọbẹ̀ adìẹ wá sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó ní òun kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Mo ní "o ṣé", "du" sì jáde lẹ́nu mi fúnra rẹ̀.

Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n bi mí pé nígbà wo ni fírídọ̀mù. Mo ní kò sí fírídọ̀mù, ọdún 2028 ni ìdánwò, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n á fún mi. Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn. Wọ́n ti lọ bá aláṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fẹ́ mọ bí obìnrin náà ṣe sanra tó.